Benz C63 tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ rẹlẹ̀: kí lẹ fẹ́ rà gan-an?

Òǹkàwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì máa ń lọ sí Èkó. Mo rí Benz C63 AMG kan, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ọdún 2010, máìlì 78,000. Owó tí wọ́n pè é kò ju ti C300 tó mọ́ dáadáa lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mẹkáníìkì mi ní kí n sá fún un, pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń já bóòtù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé kí n ṣáà yọ thermostat rẹ̀ dànù, kí n da ọ́ìlì tó ki sí i. Wọ́n kọ 91 sí ẹnu ibi tí wọ́n ti ń da epo sí i, mo sì gbọ́ pé 91 náà ni epo tiwa. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé ọkọ̀ yìí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?”

Mẹkáníìkì yín ò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ń wá ire yín, ṣùgbọ́n oògùn tó júwe yẹn ló máa dá kún àìsàn. Ẹni tó sún mọ́ òótọ́ jù nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yin tí owó pọ́ọ́kú ń bà lẹ́rù ni. Nígbà tí C63, ọkọ̀ eré tí ẹ̀ka AMG ti Mercedes ṣe, àti C300, C-Class lásán, ṣì jẹ́ tuntun, owó wọn jìnnà síra wọn gan-an. Bí wọ́n bá wá dọ́gba lónìí, nǹkan kan ló gé owó C63 lulẹ̀, nǹkan náà sì ni àtúnṣe tí àwọn tó ti lò ó kò fẹ́ san. Gbèsè ni. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ló máa jogún rẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní dá yín lóhùn lórí bóyá C63 dára, torí ó dára. Ohun tó yẹ ká wádìí ni bóyá ẹnì kan ti san gbèsè tó wà lára èyí tẹ́ ẹ rí yìí, àbí ẹ̀yin lẹ máa san án.

Kó tó kan gbèsè, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé C63 ni. C300 tí wọ́n fi bọ́dì AMG wọ̀ láṣọ, tí wọ́n fi ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì mẹ́rin sí nídìí, kò ṣọ̀wọ́n lójú títì wa. Àmì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀tù kò wọ́n rárá. Nọ́ńbà ṣáásì ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní ìran yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDDGF7, ti Yúróòpù sì máa ń ní 204077 nínú. Bẹ́ ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì V8, onísílíńdà mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní M156 lẹ gbọ́dọ̀ bá níbẹ̀. Lítà 6.3 ni wọ́n kọ sára ọkọ̀, àmọ́ 6.2 ló jẹ́ ní tòótọ́. Àwo kékeré kan tí ẹni tó to ẹ́ńjìnnì náà ní Affalterbach, ní Jámánì, fọwọ́ sí máa ń wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáásì yẹn náà lẹ máa fi wo ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé ó ti forí gbárí, ṣé omi ti bò ó, ṣé máìlì tó ń bẹ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà mu. Ẹ kàn tẹ nọ́ńbà yẹn sí Google, ìgbà mìíràn wà tí àwòrán ọjọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ náà ta gbàǹjo á yọjú. Owó ìwádìí yẹn kéré sí owó epo tẹ́ ẹ máa jó lọ wo ọkọ̀ náà.

Ó kan ọ̀rọ̀ bóòtù. Àwọn M156 àkọ́kọ́, títí dé èyí tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ parí sí 060658, bóòtù tí wọ́n fi de hẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn apá òkè ẹ́ńjìnnì tó bo sílíńdà, kò lè kojú ìpẹtà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rinrin á máa jẹ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, á tutù, bóòtù á fà, á sún kì, lọ́jọ́ kan orí ọ̀kan á já. Kò ní pariwo. Ìdè hẹ́ẹ̀dì á kàn dẹ̀ níbi ìyẹn, kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, á sì wá ọ̀nà gba ibẹ̀ wọ inú sílíńdà. Ohun tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ máa kọ́kọ́ rí ni pé omi ń dín nínú ike, síbẹ̀ ilẹ̀ ò tutù. Lẹ́yìn náà, lówùúrọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó rọlẹ̀, èéfín funfun á sì tú jáde nídìí ọkọ̀. Ẹni tí kò bá fura, tó kàn ń bu omi kún un, lè bá sílíńdà kan nínú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Omi ò ṣeé tẹ̀ bí afẹ́fẹ́, kọnrọ́ọ̀dù, irin tó ń ti písítìnì, ló máa wọ́. Ibi tí bóòtù kan ti ń gba odidi ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Láti nọ́ńbà 060659 lọ, wọ́n ti pààrọ̀ irú bóòtù náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Ọkọ̀ ọdún 2010 wà nínú àwọn tó yẹ kí ẹ fura sí, àmọ́ ẹ má fi ọdún pinnu. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé Mercedes bá yín fi nọ́ńbà ṣáásì wá a.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, tí hẹ́ẹ̀dì ò sì tíì jò, a lè pààrọ̀ àwọn bóòtù náà lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé hẹ́ẹ̀dì sókè: a tú ọ̀kan, a fi tuntun rọ́pò, a dì í dé ìwọ̀n tí ìwé ní, ká tó fọwọ́ kan èyí tó kàn. Bóòtù tó ń fà ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń lò ó, a kì í fọ̀ ọ́ ká tún dá a padà. Spánà tó ń wọn agbára ìdì àti èyí tó ń wọn igun la fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ní òun lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n camshaft, àwọn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, ló bo orí àwọn bóòtù yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kọ́wọ́ tó dé ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àìsàn kejì ẹ́ńjìnnì yìí ń gbé.

Àìsàn kejì ni tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn ife kékeré tó wà láàárín camshaft àti fáàfù. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, ọ́ìlì ló ń gbé wọn ró. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ ọ́ìlì, tàbí tí ẹni tó ni ín máa ń gbá a sókè lówùúrọ̀ kí ara rẹ̀ tó yá, ojú tápẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, á sì máa ha camshaft. Ìró rẹ̀ ni tẹ́ẹ́kú-tẹ́ẹ́kú tí kì í lọ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹ má fi í we ariwo kejì tó ń wá láti inú adjuster, ohun tó ń yí àkókò tí camshaft ń ṣí fáàfù padà: ìyẹn máa ń ké gààràgà bí ẹ ṣe ń tan ọkọ̀ ní tútù, á sì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Adjuster tó ń ké lè máa bá yín rìn fúngbà díẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń ké kì í dúró de ẹnikẹ́ni, torí bó bá ti gé camshaft, owó iṣẹ́ náà á fò sókè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ bóòtù, tápẹ́ẹ̀tì àti adjuster, ẹ̀ẹ̀kan náà la ń ṣe gbogbo wọn. Ẹni tó bá ṣe bóòtù nìkan láti dín owó kù máa san owó títú lẹ́ẹ̀mejì. Apá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yìí le dáadáa ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo ọkọ̀ náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kí i tán. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ wo ìwọ̀n kúláǹtì nínú ike, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, ẹ gbọ́ bí mọ́tò kékeré tó ń tú ìdè sítíárìn ṣe ń dún, torí gbogbo C-Class ìran yìí ni mọ́tò yẹn máa ń kú lára wọn. Bó bá kú, ọkọ̀ ò ní tan, sítíárìn ò sì ní yí. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tan ọkọ̀, kẹ́ ẹ fetí sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi tutù, kẹ́ ẹ tún wo ike kúláǹtì pẹ̀lú fọ́tò yín. Ẹ so sikáánà tó mọ Mercedes mọ́ ọn, kì í ṣe ti owó pọ́ọ́kú tí kò lè ka ju ẹ́ńjìnnì nìkan lọ, kẹ́ ẹ wo sílíńdà tó ti kọsẹ̀ rí, àní bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ò bá tiẹ̀ tàn. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ yọ fílítà ọ́ìlì, ẹ là á, kẹ́ ẹ tẹ́ bébà rẹ̀ sí oòrùn: ìdàrọ́ tó ń dán yanranyanran kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Níparí, ẹ gbé e sórí jákì, kẹ́ ẹ fi òòlù kékeré kan subframe tó gbé táyà ẹ̀yìn dúró. Ọkọ̀ tó ti gbé ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nítorí yìnyín máa ń jẹrà níbẹ̀ láti inú, ẹni tó sì wà níta lè má rí i.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín. Iṣẹ́ thermostat ni pé kó ti omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ara rẹ̀ á fi gbóná tó, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un láti lọ sí radiétọ̀. Nínú gósílóò Mọ́wè sí Ìbàfò, ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu tẹ́lẹ̀, nítorí náà yíyọ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ò fi nǹkan kan kún un. Fáànù, radiétọ̀ tó mọ́ àti omi tó pé ló ń gbà yín níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré lórí títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù láàárọ̀ kùtù, ẹ́ńjìnnì tí kò ní thermostat ò ní gbóná débi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ni, á máa fún un ní epo tó pọ̀ jù. Epo yẹn á ṣàn lu ọ́ìlì, ọ̀rinrin inú ọ́ìlì ò sì ní rí ooru tó máa lé e jáde. Tápẹ́ẹ̀tì tá à ń dáàbò bò lẹ fi ṣòfò yẹn. Ọ́ìlì kíki náà kò yàtọ̀: 20W-50 máa ń bo ariwo mọ́lẹ̀ ni, kò wo àrùn. Ní tútù, ó ń pẹ́ kó tó gòkè dé ibi adjuster àti tápẹ́ẹ̀tì, àwọn gan-an sì ni ebi ọ́ìlì ń pa jù lówùúrọ̀. 0W-40 tàbí 5W-40 tí wọ́n kọ MB 229.5, àmì ìfọwọ́sí Mercedes, sí lára ni kẹ́ ẹ lò, bíi lítà 9 ló ń gbà. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó lè tọ́ka síbi tó ti gbà á, torí ayédèrú ọ́ìlì inú gálọ́ọ̀nù tó dára pọ̀ lọ́jà. Ìwé ọkọ̀ fàyè gba kẹ́ ẹ wà á jìnnà kẹ́ ẹ tó pààrọ̀. Ẹ má gbà. Kìlómítà 8,000 ti tó. Lọ-bọ̀ Èkó yín ń lọ sí bíi 400 kìlómítà lọ́sẹ̀, ìyẹn ni pé oṣù márùn-ún-márùn-ún lẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti kúláǹtì, èyí tí Mercedes fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ pò mọ́ omi dísítíìlì lọ́gbọọgba. Omi kànga àti omi inú ọ̀rá ń fi ìpẹtà sínú radiétọ̀, nínú ẹ́ńjìnnì tí ìpẹtà ló kúkú jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

91 tó wà lẹ́nu táńkì yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń wọn agbára epo kò bá tiwa mu: 91 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 95 sí 96 lójú òṣùwọ̀n RON tí àwa ń lò, nígbà tó jẹ́ pé RON 91 ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún epo bẹntiróòlù tiwa. Ẹ́ńjìnnì yìí ń tẹ epo gan-an, ìlọ́po 11.3, epo tí kò lágbára tó á máa gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní etí tó ń gbọ́ ọ, á sì fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ẹ ò ní rí gbogbo agbára tí wọ́n kọ sí i. Kò ní pa á bẹ́ ẹ bá ń wà á jẹ́jẹ́. Ohun tó léwu ni kẹ́ ẹ tẹ ẹ́ délẹ̀ nígbà tí ó gbóná, tí gíà sì ga. Ẹ má da gbígbiná ṣáájú àkókò yìí pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀kù tí àwọn mẹkáníìkì wa ń sọ o. Tiwọn ni ẹ́ńjìnnì tó ti dákú pátápátá. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú táńkì kò lè gbé epo wa dé 95. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá yín fi kọ̀ǹpútà ṣí agbára rẹ̀ sókè sí i, lórí epo tiwa, ọ̀tá yín ni.

Ojú ọ̀nà wa náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti gbà lọ́wọ́ yín. Táyà iwájú 235/40R18 àti tẹ̀yìn 255/35R18 ni mo máa yàn dípò ti ínǹṣì 19, torí ẹran táyà tó wà láàárín rọ́ọ̀mù àti ihò títì ló ń gba ìkúùkù náà. Ẹni tó bá ń gba Ìkòròdú sí Ṣàgámù mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ má ra táyà tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ tó lè sá tó báyìí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bọ́ṣì apá iwájú á máa tú, ẹ ka ìyẹn mọ́ owó oúnjẹ rẹ̀. Díìsì bíréèkì iwájú tó mílímítà 360, páàdì C300 ò sì wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní òun máa gé e kó lè wọ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Gíà rẹ̀, oníyára méje, kì í yọni lẹ́nu bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní kìlómítà 60,000, kẹ́ ẹ sì wọn ọ́n nígbà tí ọ́ìlì náà bá wà ní ìwọ̀n oru 45 lórí Celsius. Bóòdù inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: Mercedes kà á mọ́ ohun tí olè lè jí, èyí tẹ́ ẹ bá rà ní Ládípọ̀ láti ara ọkọ̀ mìíràn ò ní dá ọkọ̀ tiyín mọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdè sítíárìn tá a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti ọwọ́ tó máa ṣe é, ẹ má lé mẹkáníìkì yín lọ. Ẹni tó sọ fún yín pé kẹ́ ẹ sá, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló máa rí níbẹ̀, olóòótọ́ ni. Ọ́ìlì, bíréèkì, bọ́ṣì, púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ orí ẹ́ńjìnnì nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá ẹni tó ní irin tí wọ́n fi ń ti camshaft M156 pa lójú kan, tó sì lè fi ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ tó ti ṣe hàn yín. Èkó lẹ ti máa rí i. Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ojú AMG tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ń fi oru ọ́ìlì hàn; kó tó pé 80 lórí Celsius, ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ju ìgbà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí èrò bá pọ̀, ọwọ́ á máa yún yín láti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn V8. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tó ń bú ramúramù nínú oòrùn kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe tiwọn.

Kí wá ni mo rò? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní nìyí, òun náà lẹ máa gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ẹ ra C300. Ní jẹ́jẹ́, C63 máa ń jó tó lítà 13 sí 14 lórí kìlómítà 100, nínú gósílóò ó lè dé 20, ọjọ́ tó bá sì wọ ọgbà mẹkáníìkì, ọ̀sẹ̀ ló máa ń lò. Bẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn nílé, C63 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kọjá nọ́ńbà yẹn, àní bó bá wọ́n jù èyí lọ dáadáa, ni mo máa ní kẹ́ ẹ wá. Ẹni tó bá fẹ́ agbára tó sì fẹ́ ìsinmi lè wo Lexus IS F. V8 lítà 5 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, ohùn rẹ̀ ò sì dùn tó ti Benz. Èyí tẹ́ ẹ rí yìí ńkọ́? Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé iṣẹ́ bóòtù àti tápẹ́ẹ̀tì, tí ọjọ́, máìlì àti nọ́ńbà ṣáásì wà nínú ìwé náà, ẹ ti rí ọjà. Bí kò bá ní in, ẹ béèrè iye tí iṣẹ́ náà máa jẹ lóde òní, kẹ́ ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san, kẹ́ ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà kí ọkọ̀ tó rìn lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ iye tí wọ́n ń ta àáké. Mi ò lè bá yín fọwọ́ sọ̀yà pé bóòtù inú rẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni tí kò tíì ṣí i ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó yege gbogbo àyẹ̀wò òkè yìí ṣì lè já ọ̀kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ lọ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú ọkọ̀ náà gbóná. Bó bá kọ̀ kẹ́ ẹ tan án ní tútù, tàbí tó ní àwọn ti tan án torí pé bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá.